Ohùn Inú Àjà

Ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́sàn-án ló gbé Gunnvor dé,
òun àti àkàbà rẹ̀, òun àti àpótí wáyà,
sí erékùṣù kan ní òkè àríwá Nọ́wè
níbi tí oòrùn kì í ti í yọ nínú oṣù Kejìlá,
tí igi tí wọ́n ń sá ẹja sí dúró lófo, tó ń retí oṣù Kejì.

Ilé àwọn àgbà ló ránṣẹ́ pè é.
Wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn ń ṣe ségesège:
àmì rẹ̀ kún ojú fóònù dẹ́múdẹ́mú, kò sì ṣiṣẹ́.
Hjørdis ti yàrá keje sọ tẹnu rẹ̀:
"Ọmọ ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ epo lẹ́bàá Bràsíìlì.
Bó bá ti ya ẹnu láti pè mí, ẹnu náà á ya sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
bí ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè,
títí n ó fi pa á."

Gunnvor ṣí kọ̀ǹpútà lórí eékún, ó wọ inú rédíò lọ.
Ó bú sẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rọ márùn-ún nínú àjà kan ṣoṣo,
gbogbo wọn lórí ìkànnì kẹfà,
gbogbo wọn ń fi gbogbo agbára kígbe.

"Ẹ wò ó," ó sọ fún Odd-Arne, alásè tó di àkàbà mú,
"fóònù ìyá yìí ń gbọ́ ẹ̀rọ ketekete,
ìdí nìyẹn tí àmì fi kún.
Ṣùgbọ́n ohùn fóònù fúnra rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ.
Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ti ń dáhùn;
ta ni yóò gbọ́ ọ, nígbà tí ará ilé márùn-ún ń jà?"

Ó wá ń rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ogún di mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá di mọ́kànlá.
Ó fún ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìkànnì kìíní,
ti yàrá ìjẹun ní ìkọkànlá,
ó fi ìkẹfà sílẹ̀ fún ti ilé ìfọṣọ.
Àwọn méjì tó kù, ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nísàlẹ̀:
"Ẹ̀yin, ìlà òkè ni kí ẹ ti máa sọ̀rọ̀."

Ọ̀sán pọ́n. Odd-Arne gbé ọbẹ̀ ẹja sínú máíkírówéfù.
Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wú bí ara ẹni tí oyin ta.
"Ìwọ náà!" ni Gunnvor kígbe mọ́ ọn,
kò sì sọ ìdí.
Ó jẹ ọbẹ̀ náà.

Ìlà òkè ní onílé tirẹ̀.
Lórí àpáta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, rédà ojú ọjọ́ ń yí, ń yí,
ó ń wo ìjì kí ìjì tó wo àwọn apẹja.
Òfin ni: kí ẹ̀rọ tó la ẹnu lórí ìkànnì rédà,
kó kọ́kọ́ tẹ́tí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko.
Bó bá gbúròó àgbà náà, kó kúrò, kó má jiyàn.

Ó tẹ bọ́tìnnì, ó jókòó sórí ìṣísẹ̀ kejì àkàbà.
Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ilé dákẹ́.
Ó gbọ́ aago ara ògiri, ó gbọ́ ikọ́ yàrá kejì,
ó gbọ́ òjò dídì tí ń yọ̀ bọ́ lórí páànù.
Ó rántí Sindre, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdún mẹ́ta rèé,
lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìpẹja bàbá wọn:
àwọn méjèèjì pariwo títí fóònù fi gbóná létí,
kò sì rántí gbólóhùn kan nínú ohun tó sọ.

Iná di aláwọ̀ ewé.

Ní aago mẹ́ta, òkùnkùn ti gbilẹ̀, ọmọ ọkọ̀ epo pè.
Bí ìṣe rẹ̀, ó ké gbàjarè:
"MÁMÀ ÀGBÀ, ṢÉ Ẹ Ń GBỌ́ MI?"
Ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé, ó tún là.
"Rọra," ni Hjørdis wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ohùn àjà sílẹ̀ ni.
Irùngbọ̀n wo lo wá dá sí yìí?"

Ọkọ̀ aago mẹ́rin fun fèrè.
Gunnvor gbàgbé àkàbà rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Lórí omi ó yọ fóònù, ó wo orúkọ kan,
ó wò ó,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko.