Kọfí Ò Mì

"Eré lo fẹ́ ni, àbí agbára?"
Marlys bi í, kọ̀ǹpútà lórí itan.
Orrin wo ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀,
ó ní, "Méjèèjì."
Marlys rẹ́rìn-ín.

Àtúntò àkọ́kọ́: èéfín dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ìkejì: ẹ́ńjìnnì ń kólòlò ní jíà kẹta
bí ọmọ tó gbàgbé iṣẹ́ tá a rán an.
Marlys tẹ́tí. Ó dín epo kù,
ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ lé e,
bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, nínú yìnyín Montana,
wọ́n fa ẹṣin méjì gun òkè.
Orrin ń retí ariwo.
Kọfí ò tilẹ̀ mì nínú ife.
Ó bojú wẹ̀yìn:
abo ẹṣin arúgbó nì
ti ń tòògbé lórí ìdúró.