Iyọ̀ Di Ṣúgà Lọ́wọ́ Mú

Òjò oṣù kẹjọ ti wó etí kànga ní Tudun Wada,
omi ṣáláńgá ti lọ kí omi mímu nílé.
Ní Zaria, àgọ́ tí a pa sẹ́yìn ilé ìwòsàn kún dẹ́nu,
garawa kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan,
iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Aago méjì òru ni wọ́n gbé Lantana dé.
Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ojú ti jìn wọnú.
Mo fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, kò padà,
ó dúró bẹ́ẹ̀ bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́.
Ìgò omi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó kù
wà lára aláboyún tí kò dáhùn mọ́.
Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ṣì ń gbé itọ́ mì.
Ìyẹn ni mo dì mú.

Inna Gambo, ìyá bàbá rẹ̀, ń wo ọwọ́ mi:
“Omi ni mo ti ń fún un láti àárọ̀,
bó ṣe ń wọlé ló ń jáde.
Kí lo fẹ́ fi ṣúgà ṣe?”

Hausa tèmi, Hausa ìdí ọjà ni,
èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà bàbá mi.
Mo wá orúkọ tí mo lè pe purotéènì nínú rẹ̀, mo wá a tì.
Mo ní, “Inna, ṣé ilé yín ní sáúrè?”
Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. “Ilé ta ni kò ní?”

Ó dáa. Ìfun ọmọ yìí, ìlú olódi ni.
Ọ̀rá ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fi mọ odi rẹ̀,
ọ̀rá kì í sì í gba iyọ̀ lálejò,
kì í jẹ́ kí ṣúgà yọjú wo yàrá.
Àmọ́ sáúrè wà nínú odi náà,
ilẹ̀kùn kan kọjú sóde, ọ̀kan kọjú sínú,
àwọn méjèèjì kì í ṣí pọ̀ láéláé.
Iyọ̀ méjì á wọlé, wọ́n á jókòó.
Ṣúgà kan á bá wọn níbẹ̀.
Bí wọn ò bá pé, ilẹ̀kùn inú ò ní mira.
Bí wọ́n bá pé, sáúrè á yí èjìká,
tòde á pa dé,
tinú á ṣí.

“Omi ńkọ́?”
Omi kì í bẹ onílé.
Ibi tí iyọ̀ bá wọ̀ sí ni omi ń wá a lọ,
bí ewúrẹ́ ti ń tọ ẹni tó di èèrí lọ́wọ́.
Onígbáméjì ò sì mọ̀ nípa sáúrè yìí, Inna.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló já.

N kò sọ ti alágbàṣe fún un,
purotéènì kejì tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé, tí kì í sùn,
tó ń ti iyọ̀ mẹ́ta jáde, tó ń fa àlejò méjì mìíràn wọlé,
kí yàrá má baà kún, kí sáúrè má baà dákẹ́.
Mo kàn rántí Sule tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi gun òkè lọ sí Kongo,
ògùn lọ́rùn, jáálá mẹ́wàá,
tó jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ ni gbogbo owó rẹ̀.

Lítà omi sísè kan. Ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, pẹrẹsẹ.
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí.
Inna tọ́ ọ wò. “Bí omijé ló rí.”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ṣíbí kan. Ó bì í.
A dúró.
Ṣíbí kan.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà
ibùsùn kẹsàn-án ti ṣófo, n kò bèèrè.
Mo fa awọ ikùn Lantana, ó padà síbi tó ti wá.
Ó bínú sí mi, ó ké,
omi sì yọ lójú rẹ̀.

Inna Gambo ò gba purotéènì gbọ́ títí di òní.
Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, tó ń sọ fún ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé:
“Má dá ṣúgà nìkan rán.
Kò ní rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un.”