Olófòófó Tó Gbẹgbàá

Ní Duluth, níbi tí adágún ti ń di òkúta lóṣù Kejìlá,
Marlys Haugen tẹ bíréèkì lójijì
nítorí àgbọ̀nrín kan àti ọmọ rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó rí i. Yìnyín nìkan, òkùnkùn nìkan.
Wọ́n kọjá. Ó mí kanlẹ̀. Ó wakọ̀ lọ sílé.

Oṣù tuntun lé, lẹ́tà adójútòfò dé:
owó rẹ ti lé sí i, ìyá.
O tẹ bíréèkì bí òpè,
aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje alẹ́.
Wọn ò kọ àgbọ̀nrín síbẹ̀.

Olófòófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ.
Èyí gbẹgbàá, ó tún gba èlé.
Ó ń gbé e lọ, ó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.
Ó mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ síbojì Einar,
ó mọ bó ti fúyẹ́ tó lórí ìjókòó láti ọdún tó kọjá,
bóyá ó tilẹ̀ ń gbọ́ ohun tó ń bá òkú sọ.

Ṣé kò kúkú tẹ "Mo gbà"?
Ó tẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ tó rà á.
Ọwọ́ rẹ̀ ló tutù; ó fẹ́ kí ọkọ̀ tètè móoru.

Lọ́jọ́bọ̀ yìí, ó ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀ akẹ́rù Einar,
ògbólógbòó, rédíò kú, fèrèsé kan ò ṣeé yí.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣáná sí i kó tó dáhùn.
Kò bi í níbi tó ń lọ.
Marlys fọwọ́ pa á lórí:
o ṣé.