Ojú Ara

Ọdún kẹrin ni wọ́n kó wa dé Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtú,
èmi nínú aṣọ funfun tí owó àjọ ìyá mi rà,
apá rẹ̀ gùn, ó bo ìka mi mọ́lẹ̀.
Dókítà Adégoróyè ní kí n bi obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án léèrè:
láti ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà,
ṣé ó ń dì, páàdì mélòó lóòjọ́.

Mo mọ àìsàn náà bí ẹní mowó,
ní èdè ìwé.
Mo lanu, ahọ́n mi kọsẹ̀.
Èmi ọmọ Òkè-Àrẹ̀mọ, tó fi Yorùbá jà, tó fi Yorùbá jẹun,
n kò rí ọ̀rọ̀ kan mú jáde
tí kì í ṣe èébú.

Sìdíkátù Àmọ̀kẹ́, aránṣọ Ìdí-Arẹrẹ,
wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó wọ bàtà òdì.
Ó ní, “Ojú ara lò ń wá, dókítà kékeré.
Pè é. Kò ní bù ọ́ jẹ.
Ohun tó wà nínú, ìjù ni.
Òun ni ìyá mi gbé kú.”

Ojú ara.
Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, n kò gbọ́ ọ rí.
Àgbà wo ló kọ́kọ́ rí i pé ojú ni,
pé ó ń sunkún,
pé ibẹ̀ ni ayé ti yọjú?
Àwọn tó sọ ọ́ lójú
ni wọ́n tún ní kó má là.

Lóru, ní Oríta-Mẹ́fà, jẹnẹrétọ̀ ń kùn, mo ṣí ìwé.
Ìwé ní ilé ọmọ jọ èso kan
tí kò hù rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàdàn.
Mo ya tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
akèrègbè tí a dorí rẹ̀ kodò.
Mo kọ ọ́ sábẹ́: ilé ni.
Ọkọ ń gba owó ilé níbẹ̀, ìyá ọkọ ń gbà,
pásítọ̀ náà ń yà á wò;
ẹni tó ni ín ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo rántí àkísà tí ìyá mi máa ń fọ̀ lóru,
tó ń sá wọn sẹ́yìn páànù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn.
“Àlejò dé,” ni yóò wí.
Àlejò tó ń lo ọjọ́ mọ́kànlá,
tó jẹ ẹ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi funfun bí ẹ̀kọ.
A ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n yọ ìjù mẹ́tàdínlógún lára Sìdíkátù.
Èmi ni mo kà wọ́n sínú abọ́ irin.
Èyí tó tóbi jù tó orí ìkókó,
kò sì ké.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo jáde sí ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù,
òjò ń lu páànù ìpẹtà láti ibẹ̀ dé Bẹẹrẹ.
Mo pe ìyá mi.
“Màámi, ẹ̀jẹ̀ ọjọ́sí yẹn,
ṣé ó máa ń dì?”
Ó dákẹ́.
Mo gbọ́ tó dìde, tó ti ilẹ̀kùn,
tí àga dún lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé bíírò wà lọ́wọ́ ẹ?”