Wo Ìpín Kẹtàlá

Ní ọ́fíìsì ẹ̀rọ omi, l'Ókè-Fìà,
níbi tí fáànù ń kó ooru láti igun kan lọ sí ìkejì,
ìwé ìlànà ríri páìpù mọ́lẹ̀ wà níwájú mi,
ojú ewé igba ó lé mẹ́rin
tí gbogbo wọn ń nàka síra wọn bí ará ilé tó ń jà.
Fún jíjìn kòtò, wo Ìpín Kẹtàlá.
Fún irú iyanrìn, padà sí Ìpín Kẹrin.
Ìpín Kẹrin ní kí n lọ bi Ìpín Kọkànlélógún.
Ìpín Kọkànlélógún ò sí nílé,
wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dún tó kọjá.

Kò sẹ́ni tó purọ́.
Ọ̀gá Tìámíyù ló fi ìpín tuntun kan há àárín,
ojú ewé kan àbọ̀ péré,
lórí fáàfù àti ìdérí rẹ̀.
Àlejò kan jókòó sáàárín ìlà,
gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún:
ìkẹsàn-án di ìkẹwàá, ìkẹtàlá di ìkẹrìnlá.
Ìka tó ń nà sí wọn ni kò sún.

Ràsákì gbé ìwé náà lọ sí Ayétòrò.
Wọ́n ní kó wo Ìpín Kẹtàlá, ó wò ó.
Ẹni tó bá níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mítà ẹnu ọ̀nà:
ẹsẹ̀ bàtà kan ti tó.
Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan.
Típà oníyanrìn kan kọjá lóru,
nígbà tó fi máa mọ́, títì ti di odò,
àwọn ọmọ iléèwé bọ́ bàtà sọ́wọ́.
Ọ̀gá ní Ràsákì ò mọ̀wé.
Ràsákì mọ̀wé.
Ìwé ni kò mọ ara rẹ̀.

Mo rántí bí màmá mi ṣe ń júwe ilé wa n'Ígbọ̀nà:
"Ẹ dé ìdí igi odán, ẹ yà sọ́tùn-ún,
ilé kẹta lẹ́yìn onípákó."
Wọ́n gé odán. Onípákó kó lọ sí Ìlobùú.
Àbúrò rẹ̀ tó ti Kánò dé rìn títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó wá dúró láàárín ọ̀nà, ó figbe ta:
"Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró ọmọ Láníhùn!"
Fèrèsé kan ṣí.

Nítorí náà mo sọ àwọn ìpín lórúkọ.
Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé, níbi tí ìtẹ̀wé kì í gbé jáde:
jíjìn-kòtò, iyanrìn-abẹ́-páìpù, ìdérí-fáàfù.
Níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́ka, mo yọ nọ́mbà, mo fi orúkọ sí i.
Kí kọ̀ǹpútà máa ka ìlà fúnra rẹ̀
lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá ní, "Ṣé o ò kúkú sọ ọ́ ní *ìpín-kẹtàlá*?"
Mo ní, ọ̀gá, ìyẹn dà bíi kéèyàn sọ ọmọ ní Àga-Ẹ̀gbẹ́-Fèrèsé.
Ẹ wo Ìdòwú tó ń tẹ̀wé fún wa,
kò mọ Táyé, kò mọ Kẹ́hìndé,
wọ́n ti lọ kó tó dé;
kò sẹ́ni tó ní kó sún síwájú.

Bí mo bá yọ ìpín kan nísinsìnyí, ẹ̀rọ á pariwo:
a ò rí ẹni tó ń jẹ́ báyìí.
Mẹ́tàdínlógún ló pariwo lálẹ́ àkọ́kọ́.
Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kú láìsọ̀rọ̀.

Ràsákì wá gba ẹ̀dà tuntun.
Kò rí orúkọ kankan níbẹ̀, nọ́mbà ló rí.
Ó tẹ̀ lé e, ó bá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta,
ó fi èékún ọkọ́ wọn ọ́n lójú mi, ó mi orí, ó lọ.

Ó ku ọ̀kan.
Ojú ewé kejìdínláàádọ́rùn-ún: *Wo Àfikún D.*
Àfikún wa parí sí B.
Mo bi Ọ̀gá, mo bi àwọn tó ti fẹ̀yìn tì,
kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ wà níbẹ̀.
N ò pa á rẹ́.
Mo fi pupa kùn ún,
bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà lọ́nà.