Kí A Tó Dà Wọ́n Pọ̀

Mo ní: ẹ má tíì fọwọ́ kan ìgò.
Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ná, kí ojú tó rí i:
iyọ̀ méjì ti yọ́, kálukú nínú omi tirẹ̀;
bí a bá da ọ̀kan lé èkejì,
ṣé omi á ṣì mọ́ gaara,
àbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sùn sísàlẹ̀ ìgò?

Funtua ni. Oṣù kẹta, ooru ti lé ọ̀yẹ́ lọ.
Òwú ń fò wá láti ilé ẹ̀rọ,
ó ń lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé wa.
Ọmọ mọ́kànlélógún, ìgò mẹ́sàn-án.

Mo ti sọ fún wọn pé nínú omi
iyọ̀ kì í ṣe tọkọtaya mọ́, olúkúlùkù ń dá rìn.
Sódíọ̀mù kì í bá ẹnikẹ́ni dì.
Náítíréètì náà, àlejò tó mọ̀wàá hù ni.
Ṣùgbọ́n bí fàdákà bá fojú kan kúlóráìdì,
ẹ ò ní ráyè ṣẹ́jú:
funfun, ó ti dì,
bíi wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kọjá lẹ́nu géètì.
Òjé àti áyódáìdì ńkọ́?
"Pupa ẹyin awó!" Tanimu ló pariwo.
Ó gbà á.

Ìbéèrè kẹrin: náítíréètì fàdákà, náítíréètì pọ̀tásíọ̀mù.
Lantana kọ ọ́ pé: *Kò sí nǹkan tí yóò ṣẹlẹ̀.*
Ó fa ìlà sí i nídìí, ẹ̀ẹ̀mejì.
Ó dà á.
Ó rú, bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Èmi, tísà ọdún mẹ́tàlá, mo fi bírò pupa fagi lé e.

Kò sunkún. Ó gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.
"Màlámà, níbo ni wọ́n ti pọn omi tí a fi po pọ̀tásíọ̀mù?"
Sagir ń wo bàtà rẹ̀.
Iná kò wá lánàá, a ò rí omi sè kó di oruku ká gbà á padà;
kànga ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló lọ.
Lantana bu omi kànga nìkan,
ó kán fàdákà sí i, ẹ̀kán kan péré.
Kùrukùru.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó kọ tọ̀nà. Àwa la ò kọ kànga mọ́ ọn.

Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmẹ̀sí fọwọ́ sọ̀yà:
"Ìwọ àti ìlú yẹn, ẹ ò lè pò pọ̀ láéláé."
Ó mọ̀ mí délédélé. Ó mọ orúkọ ìlú.
Omi ibẹ̀ ni kò mọ̀.

Bírò pupa kì í ṣe é pa rẹ́.
Mo kọ *Ó gbà* sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, mo fa ìlà sí i nídìí, ẹ̀ẹ̀mejì.
Nígbà tí a fi máa jáde ní aago méjì,
oòrùn ojú fèrèsé ti sọ funfun inú ìgò di eérú.
Ìyẹn gan-an,
kò sí ẹnì kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé.