Ajá Tó Ń Gbọ́ Gbogbo Fèrè

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Lanbro tèmi ń gbọ́ gbogbo fèrè:
ti ọlọ́pàá, ti ọkọ̀ akólẹ̀, ti kẹ́tùlù lórí iná.
Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.
Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ìrù ká sáàárín itan bí owó tí ahun fi pamọ́.

Nerea pè mí láti Bilbao lóṣù kejì ọdún:
"Màmá, oyún ti wọ oṣù keje.
Ṣé ẹ óò wá?"
Mo ní màá wá. Mo wo ajá. Ajá wò mí.
Kì í jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíì láti ìgbà tí Patxi ti kú,
Patxi tó gbé e wálé nínú àpò ẹ̀wù òjò.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.
Nerea gba ariwo ìlú sórí fóònù lójú fèrèsé rẹ̀,
ó fi ránṣẹ́ sí mi,
mo sì ń tàn án nígbà tí Lanbro bá ń jẹun,
kékeré, bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò.
Lọ́jọ́ kẹrin mo gbé e sókè díẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo kánjú, mo gbé e sókè jù:
abọ́ dojú dé, ajá fò gba ojú fèrèsé,
ọwọ́ alẹ́ ni mo tó rí i nínú ilé àgùntàn,
láàárín àwọn tí kì í bi í ní ìbéèrè.
Mo bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bẹ ajá.
A padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a ń lọ jókòó ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
A kì í wọkọ̀.
Èmi lórí bẹ́ǹṣì, òun lórí ẹní aláwọ̀ ewé rẹ̀,
wàràkàṣì nínú àpò mi, tí mo gé wẹ́wẹ́ bí èékánná.
Ọkọ̀ á dé, á mí fùùù, á lọ.
Bó bá wò mí dípò ọkọ̀, màá fún un ní wàrà.
Agustin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì rò pé orí mi ti dàrú:
"Garbiñe, ta lẹ ń dúró dè?"
Mo ní, "Ajá yìí ni. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Lóṣù kẹrin, ọmọ dé. Àwa náà gbéra.
Nínú ọkọ̀, ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n orí ẹní ló ti gbọ̀n.
Bilbao la ẹnu sí wa:
òjò, bọ́ọ̀sì, alùpùpù, igba bàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ títì
bí ẹni ń yọ eyín òkúta.
Lẹ́nu ihò ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, àtẹ̀gùn kan ń rìn fúnra rẹ̀.
Lanbro dúró gbọnin.
Mo na wàrà sí i; ó yí imú kúrò.
Mi ò fà á. Kí ni mo ń sáré lọ bá?
A fẹsẹ̀ rìn létí odò, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta,
bàtà mi ń mu omi.

Níbi tí wọ́n ti ń sọdá, iná pupa di àwọ̀ ewé,
gbogbo ayé ya lù wá,
ẹsẹ̀ tèmi ló kọ̀.
Ó ti tó ogún ọdún tí mo débí gbẹ̀yìn;
Patxi ló máa ń di ọwọ́ mi mú.
Ajá yíjú padà, ó wò mí
bí mo ṣe máa ń wò ó nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá.
Ó dúró títí iná fi tún pupa, tó tún di àwọ̀ ewé.
Lẹ́yìn náà la sọdá.

Àjà karùn-ún. Nerea ṣílẹ̀kùn.
Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.
Ìgbà náà ni ọmọ figbe ta,
ariwo kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò rántí gbà sórí fóònù.
Etí Lanbro dìde. Èémí mi dúró.
Ó wo ibùsùn ọmọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà.
Ó wá wo àpò mi.

Ẹyọ wàrà kan ló kù, òjò ti rẹ ẹ́.
Mo pín in sí méjì,
mo jẹ ìdajì.